Ọbẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Ẹran

Ìkòkò méjì ni wọ́n máa ń gbé kaná nílé wa ní àdúgbò Basin nílùú Ìlọrin lọ́jọ́ ọdún Iléyá. Èyí àkọ́kọ́ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àgbà méjì fi ń gbé e. Ti gbogbo ayé nìyẹn: ti ará ilé, ti mọ̀lẹ́bí tó bá ti agbo ilé àtijọ́ wá kí wa, ti ọmọdé tó bá ṣèèṣì yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Èkejì kò ju èyí tí obìnrin kan lè fi ọwọ́ kan gbé. Inú ìkòkò kékeré yìí ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀ àwọn méjì péré, tọkọtaya tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa, nítorí wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í jẹ ohunkóhun tí a bá gba ẹ̀mí rẹ̀ kí ó tó dé inú àwo. Bí mo bá di ojú lónìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé náà: àgbò tó ń ké ní ẹ̀yìnkùlé, omi tó ń ya sínú garawa, rédíò bàbá mi tí ohùn rẹ̀ kì í já gaara, àti tẹ̀súbà ìyá bàbá mi tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ láti inú yàrá wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti bímọ, mo ti sin bàbá mi, ṣùgbọ́n ọdún kan yẹn kò tíì lọ kúrò lára mi.

Alájà ni gbogbo wa ń pe ìyá bàbá mi. Àárín ìlú ni wọ́n ti lo ayé wọn, nínú agbo ilé tí ènìyàn kò ti lè wúkọ́ kí ẹni mẹ́ta má béèrè ohun tó ṣe é. Nígbà tí bàbá mi kọ́lé sí Basin tí wọ́n sì kó Alájà wá sọ́dọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àdúgbò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Bàbá mi á ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Táíwò Road, màámi á bá wọn lọ, àwa ọmọ á lọ sílé ìwé. Alájà á jókòó sábẹ́ igi gúáfà, wọn á máa ṣàròyé fún ara wọn pé, "Irú àdúgbò wo lèyí, tí ènìyàn ń sín tí kò sí ẹni tí yóò kí i?" Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sín lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, ohùn obìnrin kan sì dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá." Bí ọ̀rẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà ni a wá ń pè ní Mọ́mì Tíṣà, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ọkọ wọn, tí à ń pè ní Dádì, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni àwọn méjèèjì, Kristẹni sì ni wọ́n. Kò sí ọjọ́ kan kí Alájà àti Mọ́mì Tíṣà má dúró sídìí ògiri yẹn, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ tí kò lópin nípa iyọ̀, nípa ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n, nípa ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹnu Alájà ni mo ti gbọ́ ìdí tí Mọ́mì Tíṣà kì í fi í jẹ ẹran. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n wá bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé bí àwọn bá fi ẹsẹ̀ àwọn dìde lórí ẹní, ohunkóhun kò ní kú mọ́ nítorí kí àwọn lè jẹun. Wọ́n dìde. Wọ́n sì pa májẹ̀mú náà mọ́. Nígbà tí Dádì gbé wọn níyàwó, àwọn ẹbí ní kí ọkọ máa jẹ ẹran tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n Dádì ní, "Ẹnu kan ni èmi àti ìyàwó mi fi ń jẹun." Bí Kérésìmesì bá dé, adìyẹ láàyè ni wọ́n ń fà lé wa lọ́wọ́. Wọ́n á ní kí àwa fúnra wa pa á bí ẹ̀sìn wa ṣe fẹ́. Bí Iléyá bá dé, àwa náà á se ọbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ rí ẹran. Alájà kì í fi ìkòkò yẹn ṣeré. Eérú ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún. Ó ní ọ̀bẹ tirẹ̀, ó ní ṣíbí tirẹ̀, àárò tirẹ̀ wà lábẹ́ igi gúáfà. Ọbẹ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn àgbò. Ẹ̀gúsí ni, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, irú tó pọ̀ dáadáa, olú bí wọ́n bá rí i rà, àti wàrà tí wọ́n gé gbàǹgbà tí wọ́n sì dín títí ó fi pọ́n. Alájà máa ń sọ pé, "Àlejò tó bá sọ ohun tí òun kì í jẹ fún ọ, ó ti fi ọkàn rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́."

Lọ́dún yẹn, a ní ìyàwó tuntun nínú ilé. Bùrọ̀dá Jímọ̀, àbúrò bàbá mi, ló fẹ́ wọn, láti abúlé kan lápá Malete. Àǹtí Sìkírá ni orúkọ wọn. N kò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ ẹ̀rín tó tó tiwọn. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ní ilé ìdáná, àwọn adìyẹ á fò. Alájà fẹ́ràn wọn débi pé lọ́dún yẹn, wọ́n fa ìkòkò kékeré lé wọn lọ́wọ́. Ìdùnnú ńlá nìyẹn fún ìyàwó tí kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ. Ṣùgbọ́n Àǹtí Sìkírá kò lè ṣe iṣẹ́ kí wọ́n má fi àwàdà sí i. Bí wọ́n ti ń da wàrà sínú ọbẹ̀, wọ́n bi Alájà léèrè pé, "Alájà, wàrà yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ara màlúù ló ti jáde ni?"

Alájà ní, "Màlúù tó fún wa ní wàrà ṣì ń jẹko. A ò pa á."

"Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ kí n ju eegun kan ṣoṣo sí i, kí ọbẹ̀ yìí náà lè mọ̀ pé ọdún dé."

Alájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Màámi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé èyí ti bọ́.

Nígbà tí a dé láti yídì, wọ́n dú àgbò, ilé sì di ọjà. Àwọn ọkùnrin ń gé ẹran, Bùrọ̀dá Jímọ̀ ń pariwo pé kí wọ́n bu omi wá, òórùn ẹ̀dọ̀ díndín ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ìkòkò ńlá ti wà lórí iná, ẹ̀gúsí òun náà ń hó pẹ̀lú ẹran. Àǹtí Sìkírá wá sábẹ́ igi gúáfà, wọ́n ṣí ìkòkò kékeré, wọ́n tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n dé e padà, wọ́n sì lọ sídìí odó láti gún iyán. Alájà fẹ́ lọ pààrọ̀ aṣọ kí àlejò tó dé. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Rúkáyà, jókòó ti ìkòkò yìí. Má jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí adìyẹ sún mọ́ ọn." Mo jókòó. Kò sí ewúrẹ́ tó wá, kò sí adìyẹ tó wá. Èmi ni mo wà níbẹ̀, pẹ̀lú ebi àárọ̀ ọdún, àti wàrà gbàǹgbà tí mo mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ìdérí. Mo fi etí aṣọ ọdún mi ṣí i. Mo ti ìka méjì bọ ọbẹ̀, ooru jó mi, mo fa ọwọ́ yọ wìì, ìgbọ̀nwọ́ mi sì gbá ìkòkò. Ó yẹ̀ lórí òkúta àárò. Kí n tó dì í mú, ìdajì ọbẹ̀ ti dà sínú eérú, wàrà tí mo fẹ́ jí sì wà láàárín rẹ̀, ó dúdú.

N kò lè ṣàlàyé ẹ̀rù tó bà mí fún ẹni tí kò gbé nílé wa. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹgba. Ẹ̀rù ojú Alájà ni, bí wọ́n bá wo inú ìkòkò tí wọ́n rí i pé ó ti dín kù. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àǹtí Sìkírá kẹ́yìn sí mi, odó ń dún gbì, gbì, gbì. Mo mú ṣíbí ọbẹ̀ ńlá, mo bu láti inú ìkòkò ẹran lẹ́ẹ̀mẹrin sínú ti kékeré. Mo ṣọ́ra gan-an. Gbogbo ègé ẹran tó bá ṣíbí wá ni mo ṣà kúrò tí mo dá padà. Lójú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹran ni ẹran, omi ọbẹ̀ sì ni omi ọbẹ̀. Mo fi eérú bo èyí tó dà sílẹ̀, mo nu ẹnu ìkòkò, mo sì jókòó padà bí ọmọ rere. Nígbà tí Alájà jáde, wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Mọ́mì Tíṣà àti Dádì dé pẹ̀lú ẹ̀bùn ọdún lọ́wọ́. Pálọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, níwájú Alájà gan-an. Èmi ni mo gbé omi ìfọwọ́ wá, mo sì dúró ti ògiri. Dádì bu òkèlè, wọ́n jẹ́ kí ó lọ, wọ́n tún bu òmíràn. Wọ́n ní, "Alájà, ti ọdún yìí mà tún ga o! Kí lẹ fi sí i?"

Alájà rẹ́rìn-ín. "Sùúrù la fi sí i."

Nígbà yẹn ni Mọ́mì Tíṣà dáwọ́ jíjẹ dúró. Wọ́n ti ìka méjì bọ ẹnu, wọ́n yọ nǹkan kan tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, wọ́n gbé e sí etí àwo. Ó funfun. Dádì wò ó, wọ́n sì gbé ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Mọ́mì Tíṣà fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè, bí ẹni tó ń bi ọmọ ilé ìwé léèrè ọ̀rọ̀, pé, "Alájà, kí nìyí?"

Alájà mú un, wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Subuhánalláhì," ni wọ́n sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe orúkọ kan tí ó mi gbogbo ilé: "Sìkírá!"

Àǹtí Sìkírá sáré wọlé, iyán wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. "Wọláhì, Alájà, n ò fi nǹkankan sí i."

"Ṣé eegun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀ ni? Àbí ṣíbí ọbẹ̀ ẹran lo fi rò ó?"

"Rárá o. Ṣíbí tirẹ̀ ni mo lò."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n jẹ́ kí o ju eegun sí i?"

"Eré ni mo ṣe, Alájà! Ẹ̀rín ni mo fẹ́ pa yín."

Bùrọ̀dá Jímọ̀ ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ àgbò lára ẹ̀wù wọn. Wọ́n ní, "Sìkírá, tọrọ àforíjì kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán."

"Kí n tọrọ àforíjì ohun tí n ò ṣe?"

"Mo ní kí o tọrọ àforíjì."

Alájà yí ojú sí mi. N kò tíì gbàgbé ojú náà. Kì í ṣe ojú ìbínú rárá, ojú ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ ni. "Rúkáyà, ìwọ ni mo fi ṣọ́ ìkòkò. Ta lo rí tó ṣí i?"

Mo ní, "Àǹtí Sìkírá ló ṣí i."

Òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n ṣí i lóòótọ́, wọ́n tọ́ iyọ̀ wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro ìyẹn, pé kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ tí mo fi ba ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Àǹtí Sìkírá gbójú sókè wò mí, ẹnu wọn ṣí díẹ̀. Wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì. Mọ́mì Tíṣà ní, "Ẹ má bá a wí nítorí tèmi. Ọwọ́ a máa ṣèṣì. Ẹ jẹ́ kí n kàn lọ fọ ẹnu mi." Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ. Dádì jókòó díẹ̀ sí i pẹ̀lú ọwọ́ tí wọn kò tíì fọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀ lé ìyàwó wọn. Láti ẹ̀yìn ògiri ni a ti ń gbọ́ omi ẹ̀rọ wọn tó ń ṣàn, tí Mọ́mì Tíṣà sì ń bu omi sẹ́nu, wọ́n ń tu ú dànù, wọ́n tún ń bu òmíràn, fún ìgbà pípẹ́. Kò sí ẹni tó jẹ ẹran ọdún yẹn gbádùn nílé wa.

Wọn kò ṣe ọ̀tá pẹ̀lú wa. Ì bá sàn bí wọ́n bá ṣe é. Mọ́mì Tíṣà ṣì ń kí Alájà bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu géètì, Kérésìmesì ṣì ń mú adìyẹ wá. Ṣùgbọ́n wọn kò tún jókòó jẹun nílé wa mọ́, ọ̀rọ̀ ìdí ògiri sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ìkíni nìkan. Alájà padà sábẹ́ igi gúáfà, àwọn àti tẹ̀súbà wọn. Nígbà tí tọkọtaya náà fẹ̀yìn tì tí wọ́n kó lọ sí Ọ̀mù-Àrán, Alájà dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ ẹrù fi yí kọ́nà. Wọ́n ní, "Wọ́n fi ọkàn wọn lé mi lọ́wọ́." Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà yẹn, mo ti gbọ́n tó láti sọ̀rọ̀. N kò sọ ọ́. Ní ti Àǹtí Sìkírá, ẹnikẹ́ni kò lé wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún fa ìkòkò kankan lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún. Iṣu ni wọ́n ń bó, abọ́ ni wọ́n ń fọ̀. N kò gbọ́ ẹ̀rín ńlá yẹn mọ́. Nígbà tó yá, àwọn, Bùrọ̀dá Jímọ̀ àti Tàwà ọmọ wọn kó lọ sí Malete, ìbẹ̀wò sì wọ́n. Alájà kú, mo sunkún ju gbogbo ọmọ ọmọ wọn lọ. Àwọn ènìyàn ń sọ pé ìfẹ́ ni. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé Mọ́mì Tíṣà kú ní Ọ̀mù-Àrán, Dádì sì tẹ̀ lé wọn kí ọdún tó yí.

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wọ yunifásítì ní Malete, èmi ni mo sìn ín lọ. Lẹ́yìn tí a parí ìwé kíkọ rẹ̀, ó wọlé lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi sì béèrè ọ̀nà ibi tí Àǹtí Sìkírá ti ń ta oúnjẹ. Bùkátéríà kékeré ni, akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀. Wọ́n ti sanra, ewú ti bo orí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n bu ìrẹsì fún mi, wọ́n jókòó tì mí. A ń béèrè àlàáfíà ara wa lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan dé, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, ṣé mo lè rí ọbẹ̀ tí kò ní ẹran nínú rárá? N kì í jẹ ẹran."

Àǹtí Sìkírá mi orí. "Lọ wo ọ̀dọ̀ ìyá tó wà níwájú. Èmi kì í se irú ẹ̀."

Ọmọ náà lọ. Mo ní, "Àǹtí, ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n sè."

Wọ́n ní, "N ò fọkàn tán ọwọ́ mi nídìí ìyẹn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, o wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi níbi tí n kò mọ̀ pé ó ṣì ń dùn mí. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹun: wàrà, ìgbọ̀nwọ́, eérú, ṣíbí mẹ́rin. N kò wo ojú wọn títí mo fi sọ ọ́ tán. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. "Mo ti máa ń jókòó rò ó, pé ṣé mo fi ṣíbí yẹn kan ìkòkò ńlá ni? Mo rò ó títí mo fi ń rí ara mi tí mo ń ṣe é. Rúkáyà, mo gbà pé èmi ni. Mo gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run lórí ohun tí n ò ṣe."

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ní kí n dìde, àwọn ọmọ ń wò wá. Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo bi ara mi léèrè lọ́jọ́ yẹn pé, bí ó bá bá a, tí àwọn tó yẹ kó gbọ́ sì ti wà ní sàréè ńkọ́? Àǹtí Sìkírá náà ti ń ro ohun kan náà, nítorí wọ́n ní, "Alájà ti lọ. Mọ́mì Tíṣà ti lọ. Ẹnì kan ló kù." Wọ́n yọ fóònù, wọ́n tẹ nọ́ńbà ọkọ wọn, wọ́n nà án sí mi. "Bùrọ̀dá rẹ wà ní oko. Sọ fún un bí o ṣe sọ fún mi."

Mo tún un sọ. Bùrọ̀dá Jímọ̀ kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ oko àti èémí wọn. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Gbé fóònù fún ìyàwó mi."

Àǹtí Sìkírá gbé e sétí. N kò gbọ́ ohun tí Bùrọ̀dá sọ, n kò sì béèrè. Ó gùn. Omi ń bọ́ lójú wọn sórí ìborùn wọn, wọn kò nù ún. Níkẹyìn wọ́n ní, "Mo gbọ́, bàbá Tàwà," wọ́n sì pa fóònù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ti tò sídìí oúnjẹ. Wọ́n dìde lọ dá wọn lóhùn. Wọn kò sọ pé àwọn dárí jì mí, ojú sì tì mí láti béèrè. Mo jókòó síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì Ìlọrin tó kẹ́yìn fi fẹ́ lọ. Nígbà tí mo dìde, wọ́n sìn mí dé etí títì, wọ́n ní kí n kí màámi, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.